Ère Liberty ṣe rìn láìsí ẹni tó rí i?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin olólùfẹ́ Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀.

Nínú ìpín “Blink” (2007), òkúta ni àwọn Weeping Angels, ẹ̀dá abàmì tó dà bí ère, ń dà bí ẹnikẹ́ni bá ti ń wò wọ́n. Báwo wá ni ère Liberty, tó jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ṣe rìn wọ àárín New York nínú ìpín “The Angels Take Manhattan” (2012)? New York tí kì í sùn! Mo ní bóyá torí òru ni. Kò bọ́ sí i.

Àwọn òṣèré Karen Gillan àti Arthur Darvill pa mí lẹ́kún níbẹ̀, n ò lè bínú. Àbúrò mi ló yarí, ó lóun ò wò ó mọ́.

Ṣé àlàyé kan wà nínú eré náà fúnra rẹ̀ tí mo lè fi dá a lóhùn? Mo dúpẹ́ ṣáájú o.