Ogun òkèèrè, owó dísù nílé: ẹ wá sọ bí iléeṣẹ́ yín ṣe ń fara dà á

Oníbúrẹ́dì, Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ní oṣù kìíní 2022, dísù wà ní nǹkan bíi ₦290 lítà kan. Rọ́ṣíà wọ Ukraine lóṣù kejì, nígbà tó fi di oṣù keje, ó ti kọjá ₦700. Ìjọba ṣì ń san owó ìrànwọ́ lórí bẹntiróò nígbà náà, àmọ́ ó ti pẹ́ tí wọ́n ti yọ ọ́ lórí dísù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwa tí jẹnẹrétọ̀ ńlá ń bọ́ la kọ́kọ́ jìyà.

Ẹ má fi náírà ṣírò, lítà ni kí ẹ fi ṣírò. Ẹ máa kọ iye lítà tí ẹ rọ àti iye àpò ìyẹ̀fun tí ẹ pò sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ mọ iye lítà tí àpò kílò 50 kan ń gbà. Ẹ wá fi iye tí àgbá dísù tó ń bọ̀ máa jẹ́ sọ ọ́ di owó. Ẹni tó bá fi owó àgbá àná dá iye búrẹ́dì, á tà tán, kò sì ní rówó ra òmíràn.

Ìgbà tí ìyẹ̀fun ń wú ni dísù ń ṣòfò jù: ẹ̀rọ tó ń pò ó ti dúró, gílóòbù àti fáànù nìkan ló kù, jẹnẹrétọ̀ ṣì ń ké. Ẹ pò gbogbo rẹ̀ léraléra, kí ẹ wá pa jẹnẹrétọ̀. Àmọ́ tó bá ju ohun tí ààrò lè gbà lọ, èyí tó ń dúró á wú jù, á kan, á sì rì nínú ààrò. Ẹ dín yíìsì èyí tó máa dúró kù, kí ẹ sì fi omi tútù pò ó. (Ààrò onígi àti onígáàsì ni mò ń sọ o. Èyí tó ń lo dísù nílò iná láti jó.)

Mẹkáníkì jẹnẹrétọ̀, Abẹ́òkúta
Ẹ̀gbọ́n, ó yẹ kí a fi ìwọ̀n jẹnẹrétọ̀ kún un. Jẹnẹrétọ̀ 20kVA tó ru ẹrù rẹ̀ pé (ẹrù ni iye iná tí àwọn ẹ̀rọ ń fà lára rẹ̀) ń mu bíi lítà 5 sí 5.5 ní wákàtí kan. Tó bá ru ìdá kan nínú mẹ́rin péré, bíi lítà 2 ló ṣì ń mu. Lítà kan tó ń mú yúníìtì iná 3 wá ti di 2 nìyẹn.

Tí ẹrù bá wà lábẹ́ 30% fún ìgbà pípẹ́, ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná tó láti jó dísù tán. Á di èédú mọ́ ẹnu tó ń fín epo, nǹkan dúdú á sì máa kán ní sàlẹ́ńsà. Nítorí náà, tó bá ku gílóòbù nìkan, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, kí ẹ fi ínfátà oníbátìrì gbé e.

Ìgbà ọ̀wọ́n ni àbùlà ń pọ̀. Dísù inú kẹ́ẹ̀gì lítà 25 yẹ kó wọn bíi kílò 21, láìka kẹ́ẹ̀gì. Tí kò bá ju 20 lọ, bóyá kò kún, bóyá kẹrosíìnì ti wọ̀ ọ́. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, kó sùn nílẹ̀: omi á lọ sísàlẹ̀.

Oníyìnyín, Èkó
Ṣé ká ra dísù pamọ́ bí ogun bá bẹ̀rẹ̀? Èmi ò gbà. Ní oṣù kẹfà 2025 tí Ísírẹ́lì kọlu Iran, ẹ̀rù pé wọ́n lè dí Hormuz, ọ̀nà omi tóóró létí Iran tí bíi ìdá kan nínú márùn-ún epo ayé ń gbà kọjá nígbà náà, gbé àgbá epo rọ̀bì Brent, tí ọjà àgbáyé fi ń díwọ̀n iye epo, dé ìtòsí $80. Nígbà tí ìjà dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọjọ́ 12, ó ti padà sábẹ́ $70. Ẹni tó yáwó ra àgbá mẹ́wàá lágbedeméjì ṣì ń san èlé. Èyí tó tó ọ̀sẹ̀ méjì ti tó, kí ẹ sì máa fa omi ìsàlẹ̀ táńkì kí ẹ tó rọ tuntun.

Iná ìjọba ti Band A, ìyẹn ti àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lójúmọ́, jẹ́ ₦225 fún yúníìtì kan nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ lóṣù kẹrin 2024. Bí dísù bá jẹ́ ₦1,000, yúníìtì jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ₦333 bí ẹrù bá pé, ₦500 bí ó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, láìka ọ́ìlì àti fítà. Nítorí náà, ẹ fi iná ìjọba di yìnyín yín. Fírísà tó kún, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, lè mú òtútù dúró bíi wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìlàjì, bíi 24.

Onítẹ̀wé, Ilé-Ifẹ̀
Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé iye owó pé ọjọ́ méje ló wà fún, kí ẹ sì gba owó bébà àti dísù ṣáájú. Oníbàárà tó bá padà dé lẹ́yìn oṣù kan, ẹ kọ ìwé tuntun fún un.