Ẹ gbà mí o: ṣé iṣẹ́ ìjọba kọ́ ni parastatal?

Ìyá Ìbejì, Kábà
Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará. Inú ń bí mi. Àfẹ́sọ́nà ọmọ mi kó ẹbí rẹ̀ wá fún mọ̀mínmọ̀ọ́. Wọ́n bi í léèrè iṣẹ́, ó ní parastatal lòun wà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní irọ́ ni, pé ẹni tí kò bá sí ní ministry kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Níwájú àlejò! Iyán tí mo gún láti àárọ̀, kò fọwọ́ kàn án. Láti ìgbà tí mo ti wọlé yìí ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Ẹ bá mi dá a lóhùn.

Ọmọ Ìsánlú
Ẹ̀gbọ́n yẹn ṣì í sọ. Parastatal ni iléeṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀, tó ní ìgbìmọ̀ alákòóso tirẹ̀, àmọ́ tí ministry kan ń bójú tó. NIPOST àti JAMB wà níbẹ̀.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀
NEPA ni mo ti fẹ̀yìn tì. Parastatal ni wá nígbà náà. Ó di PHCN ní 2005, nígbà tó di 2013 ìjọba ta ìdá 60 nínú 100 ìpín ìní rẹ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ tó ń pín iná, ó mú 40 dání. Ọwọ́ ìjọba ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ wọn kì í ṣe ti ìjọba mọ́. Parastatal wo ni ọmọkùnrin náà wà?

Olùkọ́ Mọ̀pà
Tó bá ti ní "Limited" lórúkọ, aládàáni ni.

Ọmọ Ìsánlú
Rárá o, Olùkọ́. Iléeṣẹ́ irin Àjàòkúta ńkọ́? Limited ló ń jẹ́, ìjọba àpapọ̀ ló sì ni ín.

Àǹtí Ìyàrà
Ìyá Ìbejì, ìwà ọmọkùnrin náà ńkọ́? Ẹ ò tíì sọ ọ́.

Ìyá Ìbejì, Kábà
Ọmọlúàbí ni, ó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó tiẹ̀ fi ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ hàn mí. Orúkọ agbaṣẹ́ṣe kan ní Lọ́kọ́ja ló wà lórí ẹ̀, òun ló ń kó òṣìṣẹ́ fún parastatal ọ̀hún. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún ìwé náà ṣe.

Bàbá Ẹ̀gbẹ̀
Háà! Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ni, parastatal yẹn ló kàn ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ bi í bóyá wọ́n ń san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè san ìdá 10 nínú 100 owó oṣù òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ san 8.

Ìyá Ìbejì, Kábà
Bàbá, ẹ ṣeun. Màá pè é lálẹ́ yìí, kí ó sọ fún ẹbí wa fúnra rẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n tó gbọ́ ọ níta. Ṣùgbọ́n n kò ní torí èyí dá ọmọ mi dúró.