Ẹ jọ̀ọ́, ìwé wo ni mo lè kà fún ẹ̀gbọ́n mi? Ọ̀la ni mo fẹ́

Àdùkẹ́_Ìbàdàn: Ẹ kú ilé o. Jẹjẹrẹ ń bá ẹ̀gbọ́n mi jà, àwọn dókítà ní ó ti kọjá agbára àwọn. Mo ń wá ìwé tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ọ̀la ni mò ń padà sí UCH. Ẹ dákun.

Akin_Ìjẹ̀bú: When Breath Becomes Air, ti Paul Kalanithi. Oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ni ní ilé ìwòsàn Stanford ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 36 ni nígbà tí wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú àìsàn náà lára. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún. Ó kú ní oṣù kẹta 2015, ìwé jáde ní 2016, ìyàwó rẹ̀ ló kọ apá ìparí.

Ìyá_Ìbejì: Àdùkẹ́, ẹ rọra o! Mo fún màmá mi nírú ìwé bẹ́ẹ̀. A ò tíì sọ fún wọn pé àìsàn náà ò ní lọ. Wọ́n ka ẹ̀yìn ìwé, wọ́n ní, "Ṣé bí tèmi náà ṣe rí nìyí?" Mi ò rí èsì fọ̀. Wọ́n kọjú sógiri, odidi ọjọ́ mẹ́ta wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Bàbá_Ṣàgámù: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé kọ́ ló jẹ̀bi, ẹ̀yin lẹ fi pamọ́ fún wọn.

Ìyá_Ìbejì: Ẹ ò sí níbẹ̀, sà. Dókítà ló ní ká má sọ.

Ṣeun77: Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa mu omi ewúro láràárọ̀, kí wọ́n fi ṣúgà sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ṣakí: Ìwé ni wọ́n béèrè, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá Ìbejì, aláìsàn sábà máa ń mọ̀. Àìrẹ́ni bá sọ ọ́ ló ń dá wọn lágara. Àdùkẹ́, ẹ béèrè ẹ̀ka hospice ní UCH, iṣẹ́ wọn ni láti dín ìrora kù.

Ìyá_Ìbejì: Tiyín kọ́ ni màmá mi.

Àdùkẹ́_Ìbàdàn: Ẹ má bínú síra yín nítorí mi. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀, àwọn gan-an ló rán mi níwèé. Tíṣà ni wọ́n, ojú wọn ni ò gbé ìwé kíkà mọ́. Mo sọ̀tàn Kalanithi yẹn fún wọn lórí fóònù lálẹ́ yìí. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní kí n má ràwé kankan mọ́, kí n ra ìwé 60 leaves méjì àti báírò. Àwọn á máa sọ, èmi á máa kọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ kíláàsì kọ́mọ ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀.