Baruipur lọ́la: ta ló mọ ibi tí mo lè sùn? Kíákíá ni o

Abeke_Oja: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Kolkata ní Íńdíà ni mo wà, Baruipur, ìlú kékeré kan nítòsí ibẹ̀, ni mò ń lọ láàárọ̀ ọ̀la. Ta ló mọ hòtẹ́ẹ̀lì tí kò wọ́n níbẹ̀? Ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Irinse_Idumota: Irin iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń rọ níbẹ̀ lẹ fẹ́ lọ rà, àbí? Ẹ má wá hòtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀ rárá. Ẹni tó bá gba àlejò ilẹ̀ òkèèrè sílé gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí FRRO, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó àlejò, láàárín wákàtí 24. Ọ̀pọ̀ ilé kékeré kì í fẹ́ wàhálà yẹn, wọn á ní yàrá ti kún. Kìlómítà 25 péré ni, ẹ sùn sí Kolkata. Ibùdókọ̀ Sealdah ní Kolkata ni kẹ́ ẹ ti wọ rélùwéè, ní ẹ̀gbẹ́ South. Èyí tó ń lọ Baruipur, Diamond Harbour, Lakshmikantapur tàbí Namkhana, gbogbo wọn ló dé ibẹ̀. Ẹ má wọ ti Canning o, Sonarpur ló ti ń yà. Láàárọ̀, Kolkata ni èrò ń rọ́ wá. Òdìkejì lẹ̀yin ń lọ, ẹ máa rí àyè jókòó.

Noosi_Agba: Ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì kéré. Sísọ́ọ̀sì 200 tí wọ́n kó wá fún wa láti ibẹ̀, ìgbà mẹ́ta péré ló wọ autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi pa kòkòrò àrùn, tó fi dípẹtà. Ìdí ìṣó kékeré tó so apá méjèèjì pọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó pọ́n yí ká bí epo. Irin lásán ni, nickel ni wọ́n fi bò ó. Ibi tí apá méjèèjì ti ń ha ara wọn ni nickel ti kọ́kọ́ ń bó.

Kola_Ajeji: Háà! 200? Àǹtí Abẹ̀kẹ́, ẹ mú òòfà dání. Èyí tí òòfà bá ti fà, ayédèrú ni.

Irinse_Idumota: Rárá o, ẹ má ṣì wọ́n lọ́nà. Irin 420, oríṣi stainless kan, ni wọ́n fi ń ṣe sísọ́ọ̀sì gidi, òòfà a sì máa fà á, torí irin tí wọ́n fi iná mú le ni. Stainless 304 tí òòfà kì í fà, ẹnu rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Irin lásán náà, òòfà ń fà á. Òòfà ò lè yà wọ́n. Ẹ sè é nínú distilled water (kì í ṣe ásíìdì bátìrì o) fún ìṣẹ́jú 30, ẹ fi sílẹ̀ nínú omi yẹn fún wákàtí mẹ́ta, kẹ́ ẹ wá gbé e síta kó gbẹ. Bí pupa bá yọ tí kò ṣe é nù, ẹ dá a padà.

Kola_Ajeji: Ẹ̀gbọ́n, irin gidi náà lè yọ pupa bí wọn ò bá rì í sínú ásíìdì dáadáa.

Noosi_Agba: Kí ni tèmi nínú ìyẹn? Méjèèjì ni kò yẹ kó dé ara aláìsàn. Ẹ dán ẹ̀mú (forceps) náà wò: ẹ há a sí eyín àkọ́kọ́ nídìí ọwọ́ rẹ̀, ẹ gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Bó bá ṣí fúnra rẹ̀, ẹ má rà á. Sísọ́ọ̀sì ní tirẹ̀, ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi gé òwú tútù, èyí tẹ́ ẹ rẹ sómi. Bó bá ń fa òwú dípò kó gé e, kò dáa.

Sade_Alarinkiri: Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìra gúáfà o! Òun ni wọ́n fi mọ Baruipur, àsìkò òjò ló pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ ìgbà òtútù, ẹ tẹ̀ síwájú dé Joynagar lójú irin Lakshmikantapur, ẹ ra moa: ìrẹsì yíyan tí wọ́n fi omi igi dàbínù tó ki pò, tí wọ́n rọ́ bíi bọ́ọ̀lù. Ẹ máa pe ọkùnrin ní dada, obìnrin ní didi (ẹ̀gbọ́n ni méjèèjì lédè wọn), kẹ́ ẹ tó dúnàá dúrà. "Dada, dam koto?" ni wọ́n fi ń béèrè iye. Kọ́ọ̀ṣì obìnrin sì wà nínú rélùwéè.

Abeke_Oja: Ẹ ṣé gan-an. Ọjà ti wà nínú páálí, wọ́n ní kí n wá wò ó kí n tó san owó tó kù. Mo ti bá onítáksí sọ ọ́, aago mẹ́fà ààbọ̀ la máa gbéra, torí páálí méjì ni màá gbé bọ̀. Mi ò ní ráàyè se nǹkan kan, ti òwú tútù yẹn ni màá ṣe. Àǹtí Ṣadé, ẹ jọ̀ọ́, èló ni kílò gúáfà kan?