Òkè adìyẹ ń jóná nínú ààrò onígíláàsì, inú rẹ̀ kì í jinná

Ìyá Ìbejì, Alẹ́kúwodò: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ọmọ mi ra ààrò onígíláàsì tí ń lo gílóòbù halogen (gílóòbù tí ń mú ooru púpọ̀ jáde) fún mi, ṣùgbọ́n bí mo bá fi yan odidi adìyẹ, òkè rẹ̀ á ti jóná kí inú rẹ̀ tó jinná. Kí ni kí n ṣe? Ṣé jẹnẹrétọ̀ kékeré tiẹ̀ lè gbé e?

Bàbá Wálé: Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Inú ìdérí ni gílóòbù náà wà, fáànù sì ń fẹ́ ooru rẹ̀ yí oúnjẹ ká, nítorí náà ohun tó bá sún mọ́ ọn jù ni yóò kọ́kọ́ jóná. Ẹ gbé adìyẹ náà sórí irin ìsàlẹ̀, ẹ dojú àyà rẹ̀ bolẹ̀, kí ẹ sì dín ooru kù sí nǹkan bíi 180°C. Bó bá ku díẹ̀ kó jinná, ẹ yí i padà kí awọ rẹ̀ lè pọ́n.

Ìyá Ọlọ́bẹ̀: Ẹ má fọkàn tán awọ tó pọ́n o. Ẹ fi ọ̀bẹ gún ìdí itan rẹ̀. Bí omi tó jáde bá ṣì pupa, kò tíì jinná. Èmi a máa kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà, omi rẹ̀ sì dùn nínú ọbẹ̀ ju ohunkóhun lọ.

Oníná: Púpọ̀ nínú irú ààrò yìí ń jẹ iná tó 1,200 sí 1,400 wáàtì, jẹnẹrétọ̀ tí kò tó bẹ́ẹ̀ kò lè gbé e. Ẹ má sì da omi tútù sínú gíláàsì náà nígbà tó bá ṣì gbóná, ó lè sán.