Ìnàkí kì í ṣe ọ̀bọ: lórí orúkọ tí ó yẹ ṣimpansí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá lánàá pé kí a máa pe ṣimpansí ní "ọ̀bọ-bí-ènìyàn", kí a sì fi "ìnàkí" sílẹ̀ fún gòrílà. Ohun tó bí àbá náà ni pé lẹ́nu àwa ọmọ Yorùbá, ìnàkí ni gòrílà, ìnàkí náà ni ṣimpansí, àwọn kan sì tún ń pe ọ̀bọ ńlá inú ọ̀dàn, èyí tí ẹnu rẹ̀ gùn bíi ti ajá, ní ìnàkí. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà ti lọ́jú pọ̀. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi sọ pé ibi tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ gbà tú u kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé èwo nínú àwọn ẹranko wọ̀nyí ni àwọn baba wa ń bá pàdé nínú igbó. Gòrílà kò gbé ilẹ̀ Yorùbá. Ìwọ̀nba tó kù ní Nàìjíríà wà lórí àwọn òkè ìpínlẹ̀ Cross River, létí ààlà Kamẹrúùnù. Ṣimpansí ni tiwa. Igbó ọba Ìṣẹ̀-Èkìtì ni wọ́n ti rí i, àti igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àti igbó Ìdànrè. Ẹranko dúdú aláìnírù tí ọdẹ wa ń gbọ́ tó ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lu gbòǹgbò igi ńlá, tí ìró rẹ̀ ń dún jìnnà, òun nìyẹn. Kí ló dé tí a ó gba orúkọ lọ́wọ́ ẹranko ilé, tí a ó gbé e fún àlejò?

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pàápàá ti ṣe irú àtúnṣe yìí. Orúkọ Látìn tí wọ́n ń pe ẹ̀yà ṣimpansí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù tẹ́lẹ̀ ni vellerosus. Ní ọdún 2009 ni wọ́n tún ìtàn rẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n rí i pé Gabon ni wọ́n ti mú ẹranko tí wọ́n kọ́kọ́ fi sọ orúkọ náà wá, kì í ṣe Kamẹrúùnù. Bí wọ́n ṣe gba orúkọ yẹn kúrò nìyẹn, tí wọ́n sì ń pe tiwa ní ellioti títí di òní.

Ọ̀rọ̀ "ọ̀bọ" gan-an ló dùn mí jù nínú àbá náà. Ọ̀bọ ní ìrù, ìnàkí kò ní. Apá ìnàkí gùn ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Tó bá ń rìn nílẹ̀, ó máa ń ká ìka ọwọ́ rẹ̀ kò, ẹ̀yìn ìka náà ni yóò sì fi tẹlẹ̀. Alaalẹ́ ló ń ṣẹ́ ẹ̀ka igi pọ̀ láti tẹ́ ibùsùn tuntun. Nínú ẹ̀jẹ̀, ó sún mọ́ àwa ènìyàn ju bó ṣe sún mọ́ gòrílà lọ. Àwa tí a ya ẹdun sọ́tọ̀, tí a ń ki ìbejì ní "ọmọ ẹdun tí ń ṣeré orí igi", a kò lè sọ pé èdè wa kò ní àyè láti ya ìnàkí sọ́tọ̀.

Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé, létí àgbẹ̀, ọ̀bọ ni èyí tó ń jẹ àgbàdo lóko. Bí a bá kọ ọ́ sára pátákó létí igbó pé kí wọ́n má pa "ọ̀bọ-bí-ènìyàn", ọ̀bọ náà ni yóò kà. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1985 sì ti dáàbò bo ṣimpansí pátápátá: a kò gbọdọ̀ dọdẹ rẹ̀, a kò gbọdọ̀ tà á. Ó nídìí. Abo rẹ̀ máa ń tó ọmọ ọdún 13 tàbí 14 kó tó bí àkọ́bí. Oyún rẹ̀ tó oṣù mẹ́jọ, ọmọ kan ṣoṣo ló sábà ń bí, yóò pọ̀n ọ́n sẹ́yìn káàkiri igbó, yóò sì tó ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà kó tó bí òmíràn. Ẹni tó pa ìyá kan kó lè ta ọmọ rẹ̀ ti gba ohun tí igbó kò lè tètè san padà. Nínú ẹ̀yà ṣimpansí mẹ́rin tó wà láyé, tiwa ló kéré jù: gbogbo wọn kò pé 10,000. Ní Benin àti Tógò, ṣimpansí kankan kò sí mọ́.

Ẹnìkan tún sọ pé a kò lè lo "irinṣẹ́" fún ohun tí ẹranko ń lò. Mi ò gbà. Ní 1960, ní Gombe ní Tànsáníà, Jane Goodall, onímọ̀ nípa ṣimpansí, rí akọ kan tó ki koríko bọ inú ọ̀gán, tó fà á yọ, tó sì fẹnu gba ikán tó dì mọ́ ọn. Wọ́n tún rí wọn níbẹ̀ tí wọ́n ń já ewé kúrò lára ọ̀pá kó lè wọlé dáadáa. Ní Gashaka, ní apá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, igi ni wọ́n fi ń kó ìjàlọ jẹ, òun náà ni wọ́n fi ń wa oyin. Wọn kì í sì í fi wá ikán bí ikán tilẹ̀ wà níbẹ̀. Ní Bossou, ní Gínì, òkúta kan á wà nísàlẹ̀, òmíràn á wà lọ́wọ́, wọ́n á máa pa ẹ̀kùrọ́. Ọdún púpọ̀ ni ọmọ fi ń wo ìyá rẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n pa. "Pa ẹ̀kùrọ́" ni mo kọ, nítorí ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an nìyẹn. Bí kò bá ṣe irinṣẹ́, kí ni?

Àbá tèmi ni pé kí ìnàkí jẹ́ ti ṣimpansí nìkan, kí gòrílà máa jẹ́ gòrílà, kí bònóbò, ìbátan ṣimpansí tó wà ní gúúsù odò Kóńgò, máa jẹ́ bònóbò, kí a sì pe gbogbo wọn lápapọ̀ ní "ẹbí ìnàkí". Ọ̀bọ inú ọ̀dàn ló kù. Ẹ̀yin ará Ṣakí àti Ìgbòho, kí ni àwọn ọdẹ yín ń pè é? Bákan náà, ẹ̀yin ọmọ Ìṣẹ̀ àti Ìdànrè, bí ṣimpansí bá ní orúkọ mìíràn lẹ́nu àwọn àgbà ọdẹ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.