Kí ni NS1 tí wọ́n kọ sínú èsì àyẹ̀wò dengue?

Aláró Ìtòkú: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi tí a jọ ń ṣe adìrẹ ní Ìtòkú dùbúlẹ̀ ibà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní dengue, àrùn ibà kan tí ẹ̀fọn ń kó ranni, ni, wọ́n sì kọ “NS1” sínú èsì. Ohun tó rú mi lójú ni pé ọjọ́ karùn-ún, tí ara rẹ̀ tutù tí a ti ń dúpẹ́, ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, tó sì ń bì léraléra. Kí ni NS1 yìí ń ṣe nínú ara?

Oníláàbù: Ẹ kú ìtọ́jú o. Purotéènì ni, ọ̀kan nínú 10 tí fáírọ́ọ̀sì dengue ń ṣe. Mẹ́ta ni fáírọ́ọ̀sì fi ń mọ ara tirẹ̀. Méje yòókù ń ṣiṣẹ́ fún un nínú sẹ́ẹ̀lì tó bá wọ̀. Ṣùgbọ́n NS1 a máa jáde bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ní mẹ́fà-mẹ́fà tó so mọ́ra, ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò fi ń tètè mú un. Ògiri inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́. Ìbora kan tó ń yọ̀ wà lára ògiri náà. NS1 a máa ta àwọn ẹ́ńsáìmù tiwa fúnra wa jí, wọn a sì jẹ ìbora náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe adìrẹ ẹlẹ́kọ mọ̀ ọ́n: bí ẹ̀kọ bá sán lójú aṣọ, ibi tó yẹ kó funfun ni aró yóò gbà wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni omi ẹ̀jẹ̀ ṣe ń jò lọ sínú ikùn àti àyíká ẹ̀dọ̀fóró, tí ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́ kù yóò sì ki. Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkeje ló sábà ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí ibà ń lọ sílẹ̀. Inú rírun àti èébì yẹn kò ṣeé fi ṣeré. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọmọ Lísàbí: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru NS1. NS5, òmíràn nínú purotéènì méje yẹn, náà ń ba STAT2 jẹ́, ìyẹn purotéènì ara wa tó ń jíṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì pé ọ̀tá ti wọlé. Oríṣi dengue mẹ́rin ló sì wà: ẹni tí ọ̀kan ti mú rí, bí òmíràn bá mú un, èròjà agbógunti-àrùn tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè di ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì fún fáírọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un ní ibuprofen tàbí aspirin.

Aláró Ìtòkú: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń kọ èyí. Wọ́n ti ń fa omi sí i lára láti àná, wọ́n sì ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lemọ́lemọ́ láti mọ bó ṣe ki tó. Ó ti wá yé mi ìdí tí wọ́n fi ń gbà á.